Ọtí Tí Adédèjì Lé Ẹ̀mí Rẹ̀ Jáde

Ká ní ìgbéraga a máa mú ni sanra ni, Adédèjì kì bá tí lè gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ wọlé. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọkùnrin náà tín-ín-rín bí orín. Ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀ lójú pópó, àyà rẹ̀ a ti dé ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò ní ibùdókọ̀.

Èmi ò kàwé lọ títí. Káfíńtà ni mí. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn, àpò mi ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn. Adédèjì ò jí nǹkan mi rí o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kàn gùn.

Ilé ìkẹ́rù kan ní River Road ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi téèpù lẹ páálí. Bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní, "Lọ́jísíìkì ni mo wà." Òpópónà kan náà la jọ ń gbé ní Mayesbrook, nílùú òyìnbó níbí, níbi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń tú ìdọ̀tí wa ká láràárọ̀. Bi í pé ibo ló ń gbé, á ní, "Ilé tó kọjú sí ọgbà ìgbafẹ́." Ó kọjú sí i lóòótọ́, bí o bá gun orí òrùlé.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ṣe àríyá Kérésì. Wọ́n bu wáìnì gbígbóná kan fún un nínú ife bébà. Ó mu ún. Láti ọjọ́ yẹn ni orí rẹ̀ ò ti padà sípò. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wáìnì, wákàtí méjì gbáko, wọ́n sì fún un níwèé ẹ̀rí. Ó fi férémù sí i. Ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, lókè fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀.

Wúrà ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Ó dáa o, Bàbá Ìfẹ́. Ẹni tó fẹ́ mi ti wà lábẹ́ ẹni tó mutí."

"Mutí kẹ̀? Èmi kì í mu wáìnì. Mo máa ń tọ́ ọ wò ni."

Bó ṣe ń tọ́ ọ wò nìyẹn tí ìgò ń tán. Mo wá sọ ọ́ lórúkọ: Adédèjì Atọ́tíwò, ọmọ a-tọ́-ọ-wò-títí-kan-ìdí-ìgò. Àgbà tó bá ń tọ́ ọtí wò, bó pẹ́ bó yá, ilẹ̀ á tọ́ òun náà wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń sá fún "mu" tó sì di "tọ́ wò" mú. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Gbọ̀ngàn kan lókè ilé ìkẹ́rù la háyà. Ọtí ò wọ ìjọ wa. Bí o bá mu ún, o ò gbọdọ̀ wọ sùtánà títí wọn ó fi wẹ̀ ọ́ mọ́. Bàbá Ìjọ wa àtijọ́, olórí àwọn àgbà, ti padà sílé lọ sinmi, ipò rẹ̀ sì ṣófo. Àmùrè rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, wà nínú àpò Ṣẹ́pádì Sámúẹ́lì, olùṣọ́ àgùntàn wa. Ẹni tí wọ́n bá dè é mọ́ nídìí ni Bàbá Ìjọ.

Adédèjì fẹ́ àmùrè yẹn. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ìyàwó kejì: ó ń lálàá rẹ̀, ó sì ń wo ìbàdí ara rẹ̀ nínú dígí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà, Alàgbà Dávídì awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Dávídì ló ń gbá gbọ̀ngàn ìjọ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Òun ló ń kó àga jọ nígbà tí gbogbo wa bá lọ. Kì í sọ pé òun fẹ́ nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ léwu.

Ṣẹ́pádì ní òun ò ní ká dìbò, torí ìbò máa ń dájà sílẹ̀. Òun á kó àwọn àgbà lọ kí àwọn méjèèjì nílé wọn lásìkò Kérésì. Ibi tí Ẹ̀mí bá ti sọ̀rọ̀ láti ẹnu Ìyá Moṣọpẹ́, ibẹ̀ ni àmùrè máa dúró sí.

Ìyá Moṣọpẹ́ ni aríran wa. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti rì wọ́n bọmi, ó lé lógójì ọdún, ọtí ò kan ètè wọn. Bí wọ́n bá ríran, òǹtẹ̀ ló lù ú.

Ilé Dávídì la kọ́kọ́ lọ. Dávídì fún wa ní tíì àti bisikíìtì. Ẹ̀mí ò sọ nǹkan kan. Ìyá sùn díẹ̀, wọ́n jí, wọ́n ní ká máa lọ.

Adédèjì gbọ́, ó ń yọ̀ kiri. "Tíì! Gbogbo àgbà ìjọ lọ kí i, ó fún wọn ní tíì! Bàbá Káfíńtà, ẹ má wulẹ̀ jẹun lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ nílé mi. Mọ́ọ̀lì wáìnì ni mo fẹ́ ṣe."

Mo rò pé mọ́ọ̀lì tí wọ́n ti ń ra bàtà ló ń wí.

"Rárá, Bàbá! Wáìnì pupa ni. Ẹ ó da sípáìsì sí i, ẹ ó gbé e ka iná jẹ́jẹ́. Ohun tí àwọn òyìnbó gidi ń mu lásìkò òtútù nìyẹn. Infúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kí agbára inú igi àti èèpo máa jáde díẹ̀díẹ̀ sínú nǹkan olómi."

"Àgbo," ni Wúrà wí láti ilé ìdáná.

"Kì í ṣe àgbo!"

Wúrà jáde sí wa, ó ń fi ìka kà á. "Kànáfùrù. Atalẹ̀. Èèpo igi. Èèpo ọsàn. Màámi máa ń sè é fún ibà. Ìwé ẹ̀rí ni tiwọn ò ní."

Mo wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí àgbàlagbà bi í. Mo ní, "Adédèjì, wáìnì? Fún Ṣẹ́pádì?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀mí ló wà nínú ọtí, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń pè é ní sípíríìtì. Bó bá ti hó, ẹ̀mí náà á fò jáde. Ọtí tí ẹ̀mí ti jáde lára rẹ̀, kí ló kù? Omi èso! Mo fẹ́ ṣe ìdáǹdè fún un ni."

Kò tíì sọ ọ́ tán tó ti pe Ṣẹ́pádì lórí fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ kí Ṣẹ́pádì Sámúẹ́lì gba nǹkan gbọ́, ẹ fi ìdáǹdè sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Èmi náà ń gbọ́, torí Adédèjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

"Ṣé ó máa hó dáadáa?" ni Ṣẹ́pádì bi í.

"Wákàtí mẹ́ta gbáko, Ṣẹ́pádì. Mo ti dán ìkòkò kan wò. Ó hó, ó ké, ó jẹ́wọ́."

"Ẹ̀mí náà jáde?"

"Ó gba ojú fèrèsé."

"Ògo!" ni Ṣẹ́pádì wí. Ó ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, mo wà lẹ́yìnkùlé Adédèjì. Afẹ́fẹ́ ti wó pákó méjì lára ọgbà tó pín ilé rẹ̀ níyà sí ti Zoe, mo sì ń bá wọn kàn án. Zoe ni obìnrin òyìnbó tó ń gbé ilé kejì. Dagenham ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí màmá rẹ̀ náà sí. Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Adédèjì ti pè é wá sí àpèjẹ náà, kó lè rí bí aláwọ̀ dúdú ṣe ń ṣe nǹkan òyìnbó ju òyìnbó lọ.

Adédèjì jáde sí i tòun ti tẹmọ́mítà lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ń wo ibà fún Ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni.

"Zoe," ó fi Gẹ̀ẹ́sì imú sọ ọ́, "àṣírí rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ hó. Bó bá hó pẹ́nrẹ́n, ọtí inú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Á korò. Èmi máa ń dúró tì í bí nọ́ọ̀sì ni."

"Bí màmá mi náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, Déjì," ni Zoe dá a lóhùn.

"Ẹ ó rí nǹkan kọ́ lónìí," ni Adédèjì wí.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Ìṣó wà lẹ́nu mi. Ẹni tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, pálọ̀ kún. Ṣẹ́pádì jókòó sí àga ńlá, àpò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ìyá Moṣọpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri. Àwọn àgbà tó kù tò ká, Dávídì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Zoe jókòó ti rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru, ó dé fìlà Kérésì pupa. Èmi ò jìnnà sí oúnjẹ.

Adédèjì wọlé. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì fẹ́fẹ́ẹ̀tì, ó de táì oní-labalábá mọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n kò de bẹ́líìtì. Ó ti fi ààyè sílẹ̀ ní ìbàdí. Ọwọ́ kan ló fi ń di ṣòkòtò mú, ó ń fi ìkejì gbé ìkòkò.

Kó tó bù ú, ó sọ̀rọ̀. Háà, Ọlọ́run! Ó sọ̀rọ̀ oòrùn tó ràn sórí àjàrà ní Fáráńsè. Ó sọ̀rọ̀ kànáfùrù bí ẹni ń ka oríkì ìyá rẹ̀. Ó mú èso kékeré kan tó rí bí ìràwọ̀ jáde, ó gbé e sókè, àwọn àgbà méjì sì ṣe àmín.

"Ẹ má tíì mu ún," ó wí. "Ẹ kọ́kọ́ fi imú kí i."

Mo kí i. Kò dáhùn.

Haneef tí wọ́n jọ ń lẹ páálí yà wá kí i. Ó gbé sàmósà wá. Mùsùlùmí gidi ni, ọmọ Ìwó. Adédèjì na ife sí i.

"Bọ̀dá Déjì, á gba ibi ire. Èmi kì í mutí."

"Kò sí ọtí níbẹ̀ mọ́, Haneef! Ó ti hó!"

"Bọ̀dá mi, ọtí tó hó àti ọtí tó tutù, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n." Ó mu omi, ó kí Ṣẹ́pádì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Dávídì náà ò mu. "Ẹ máa bínú, Alàgbà. Mo ní bọ́ọ̀sì láti wà lálẹ́ òní. Wọ́n máa ń ní ká fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí a bá mutí."

Adédèjì rẹ́rìn-ín, ó wo Ṣẹ́pádì. "Ẹ ò rí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré? Ó bẹ̀rù omi èso."

Ṣẹ́pádì dìde, ó na ọwọ́ lé ìkòkò. "Ìwọ ẹ̀mí tó ti jáde, má padà wá. Bí o bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ pàdé lójú ọ̀nà, kìlọ̀ fún wọn." A ṣe àmín. Òórùn àmín náà ti yàtọ̀, torí àwọn àgbà kan ti fẹnu kàn án.

Ṣẹ́pádì fi ẹnu kàn án, ó gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. Àmọ́ Ìyá Moṣọpẹ́ mu ife kan tán. Wọ́n nu ẹnu.

"Ó gbóná lọ́fun dáadáa. Bí àgbo ni."

"Infúṣọ̀n ni, Ìyá," ni Adédèjì wí.

"Bu infúṣọ̀n sí i fún mi. Orúnkún mi ti gbọ́."

Adédèjì bù ú. Ó kún dé etí. Ìyá mu ìkejì. Ojú wọn ń tàn. Wọ́n ní Wúrà lẹ́wà, wọ́n ní Zoe lẹ́wà, wọ́n ní èmi náà ò burú. Adédèjì tún sáré gbé ìkẹta lé wọn lọ́wọ́. Kò bu fún ẹlòmíràn mọ́.

Nígbà tí ìkẹta wọlé, Ìyá yọ gèlè. Wọ́n dìde láìmú ọ̀pá, ọ̀pá tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́fà! Wọ́n yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì. Ara wọn gbọ̀n. "Mímọ́!" ni wọ́n pariwo. "Mímọ́!"

"Ẹ̀mí ti gbé Ìyá!" ni Ṣẹ́pádì wí, gbogbo àgbà sì dorí kodò.

"Mo rí àmùrè!" ni Ìyá ké. "Àmùrè aláwọ̀ ojú ọ̀run! Ó wà ní ìbàdí, ìbàdí ta nìyí? Ìbàdí Adédèjì ni!"

"Àmín!" ni Adédèjì bú jáde kí ẹnikẹ́ni tó mí. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Omijé ń bọ́. Ó ti gbé apá méjèèjì sókè kí wọ́n lè ráyè dè é.

Ṣẹ́pádì ṣí àpò. Ó fa àmùrè jáde. Ó tẹ́ ẹ sọ́wọ́ méjèèjì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Adédèjì. Mo wo Dávídì. Dávídì ń ṣe àmín bí ẹlòmíràn. Ó kù díẹ̀ kí ìṣó ẹnu mi bọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ti káfíńtà níbi tí Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀?

Zoe ò gbọ́ Yorùbá. Ó rí àwọn àgbàlagbà tó ń jó, ó rí Déjì lórí ìkúnlẹ̀, ó rò pé eré Kérésì ni. Ó kàn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ dáadáa sí i.

"Ó dùn o, Déjì," ni Zoe wí. "Ó kàn jọ pé o jẹ́ kó hó díẹ̀ jù ni. Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ́ kó hó, omi ọsàn gbígbóná ló gbé fún àlejò. Má dààmú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìwọ̀n ìka méjì ló kù kí àmùrè kan Adédèjì lára. Ohun tó kù kó ṣe ò ju kó dákẹ́ lọ. Ewúrẹ́ lè dákẹ́. Òkúta lè dákẹ́. Àní, mo ti rí obìnrin tó ń rọbí tó dákẹ́.

Adédèjì ò lè dákẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀: àmùrè fà á síhìn-ín, ìwé ẹ̀rí fà á sọ́hùn-ún. Ìwé ẹ̀rí borí.

Ó di ṣòkòtò mú, ó fò dìde.

"Hó kẹ̀?" ó pariwo, ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara. "Èmi? Wáìnì mi ò hó rí láyé! Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró tì í pẹ̀lú tẹmọ́mítà! Ìgò mẹ́fà ni, mo sì tún da odindi ìgò burándì kan lé e! Gbogbo ọtí inú rẹ̀ pé! Kò sí ẹ̀kán kan tó jáde níbẹ̀! Bi ẹnikẹ́ni!"

Gbogbo àgbà tó dorí kodò gbójú sókè.

Àmùrè wà lọ́wọ́ Ṣẹ́pádì, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. "Kò hó?"

"Ṣẹ́pádì..."

"O ní ó hó, ó ké, ó jẹ́wọ́."

"Ó jẹ́wọ́ díẹ̀, Ṣẹ́pádì."

"O ní ẹ̀mí náà gba ojú fèrèsé jáde."

Adédèjì lá ètè. "Fèrèsé ò ṣí tán ni. Àti pé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ èyí tí mo sọ yẹn. Bí èèyàn bá ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀, a máa ń fi iyọ̀ sí i."

Àgbà kan gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Èkejì ti tu tirẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó. Ìyá Moṣọpẹ́ dúró láàárín pálọ̀, gèlè lọ́wọ́. Wọ́n ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni Adédèjì sọ fún òyìnbó? Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti yá jù fún mi."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Wúrà ló dìde. Ó di Ìyá lọ́wọ́ mú, ó rọra fi wọ́n jókòó.

"Ìyá, ẹ foríjì wá. Ó ní kò hó. Ó ní ọtí ni, ọtí gidi, ó sì pé pérépéré."

Ìyá wo ife. Wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ́. Ojú tì mí nítorí wọn. Ọdún tó lé lógójì! Zoe náà rí ojú wọn, ó sì yọ fìlà Kérésì láìmọ ohun tó ṣẹ̀.

Ẹlòmíràn á ti wá ẹ̀yìn àga sá sí. Adédèjì tún wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó na ìka sí Ìyá.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ti ríran! Ṣẹ́pádì, gbogbo ilé gbọ́! Bó hó, bí kò hó, Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀! Ṣé ẹ fẹ́ bá Ẹ̀mí jiyàn ni?"

Ṣẹ́pádì wo àmùrè ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, Ìyá ò ríran irọ́ rí. Ó yíjú sí wọn, ó tẹríba.

"Ìyá, ẹ dákun. Ẹ̀mí wo ló bá yín sọ̀rọ̀?"

Ìyá Moṣọpẹ́ ò kánjú. Wọ́n we gèlè wọn padà. Òsúkè mú wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e mì.

"Ṣẹ́pádì, mi ò ní purọ́ lé Ẹ̀mí. Nígbà tí mo mu ife kìíní, mo rí Adédèjì, mo rí àmùrè nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo mu ìkejì, wọ́n di méjì." Wọ́n tún wo ibi tó kúnlẹ̀ sí, wọ́n fún ojú pọ̀. "Ní báyìí, mẹ́ta ló kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó de bẹ́líìtì. Bàbá Ìjọ kan là ń wá."

Ṣẹ́pádì ká àmùrè, ó fi bọ àpò. Ó ní kí Dávídì fi ọkọ̀ gbé Ìyá lọ sílé, torí òun nìkan ló lè wakọ̀. Àwọn àgbà kó kóòtù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ Adédèjì kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá.

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ dìde, ó gbàgbé láti di ṣòkòtò mú.